Ẹ Wo Ojú Bàbá Ara-le

Ẹni tó kan bẹ́ńṣì ilé ẹjọ́ yẹn kò fẹ́ràn ọmọ ènìyàn. Bó bá fẹ́ràn wọn ni, kò ní jẹ́ kí igi rẹ̀ máa gún wọn lẹ́yìn bẹ́ẹ̀, kò sì ní fi orí ìṣó sílẹ̀ níbi tí aṣọ obìnrin máa ń há sí. Aránṣọ ti mọ bẹ́ńṣì náà tinú-tẹ̀yìn. Ó mọ ìhà tó ń mì, ó mọ ibi tí ìṣó wà, ó sì mọ̀ pé ká ní bàbá òun wà láyé ni, bàbá kò ní lè jókòó lé e láìkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kó sì pòṣé. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá náà ṣe títí tó fi darúgbó. Ikú rẹ̀ ló gbé ọmọ rẹ̀ wá sórí bẹ́ńṣì burúkú yìí.

Aránṣọ ni wọ́n ń pe àkọ́bí yìí níbi gbogbo, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń ránṣọ. Ní ilé iṣẹ́ tó wà, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rán, ẹnì kan kì í sì í rán odidi aṣọ. Ẹlòmíì ń rán apá, ẹlòmíì ń kan bọ́tìnnì, kọ́là ni ti Aránṣọ. Bó bá ti lọ sí ilé ẹjọ́, aṣọ tí kò lọ́rùn á ga níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo àwọn tó kù á sì dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wọn fi máa ń fajú ro bó bá ti rí i tó ń bọ̀ wá tọrọ àyè.

"Ẹjọ́ yìí náà ṣì ni?"

"Òun náà ni, sà."

"Irú ẹjọ́ wo ni kì í parí?"

Ká ní Aránṣọ mọ̀ ni, ì bá ti sọ fún un. Lọ́jọ́ kan adájọ́ kò wá. Lọ́jọ́ mìíràn adájọ́ wá, lọ́yà ilé ìwòsàn tí Aránṣọ pè lẹ́jọ́ ló ní inú ń run òun. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo wọn wá pátá, fáìlì ni kò wá. Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, Aránṣọ á dìde, ìṣó á di aṣọ rẹ̀ mú, á já a gbà, á sì máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u dé góńgó, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lè mọ irú bàbá tó jẹ́. Bàbá Ara-le ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé ara rẹ̀ le ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ní, "Bàbá, ṣé ara le?" ìdáhùn kan náà ló máa gbà: "Ara le, a dúpẹ́." Òjò ì báà ya wọ ṣọ́ọ̀bù kó sọ gbogbo pákó di rírin, ara le. Oníbàárà ì báà gbé àga lọ kó má yọjú mọ́, ara le. Lọ́jọ́ kan, òòlù bọ́ lù ú ní àtàǹpàkò, aládùúgbò kan tó gbọ́ igbe sì sáré wọlé wá. Bàbá ti fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn kí onítọ̀hún tó dé. Ó ní, "Ara le, a dúpẹ́. Igi ló ké." Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀ ládùúgbò. Bí ọmọdé bá ṣubú tó bú sẹ́kún, wọ́n á ní igi ló ké.

Ìyá wọn ló kọ́ Aránṣọ ní bí wọ́n ṣe ń mọ òótọ́ lára ọkùnrin yìí. Kí ìyá náà tó kú, ó sọ fún un pé, "Má gbọ́ ẹnu bàbá rẹ o. Ojú ẹ̀ ni kó o máa wò." Òótọ́ sì ni. Bí nǹkan bá ń dun bàbá, ẹnu rẹ̀ á máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ á kéré, òógùn á sì rin ín lókè ètè. Aránṣọ ti ń wo ojú yẹn láti kékeré bí ẹni ń wo ojú ọ̀run kó tó sáṣọ.

Ojú yẹn náà ló wò nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá lẹ́nu. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Awakọ̀, ẹni tó ń wa takisí, ni wọ́n fi ọgbọ́n tan bàbá dé ilé ìwòsàn, nítorí bàbá ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n ṣe é, ó sì yọrí sí rere lójú gbogbo wọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí àwọn ará ilé máa lọ. Aránṣọ bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní òfin ni. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló wà nínú wọ́ọ̀dù, ó ń sáré láti orí ibùsùn kan dé òmíràn. Aránṣọ di apá aṣọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ohun tí bàbá mi bá fẹnu sọ. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, ara le ni wọ́n máa sọ. Ojú wọn ni kẹ́ ẹ wò."

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ lọ sinmi."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n pè wọ́n pé bàbá ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ikùn rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ náà, láìsí ẹni tó mọ̀. Dókítà tó gba iṣẹ́ láàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀, pé bí wọ́n bá tètè rí i ni, wọn ì bá dá a dúró. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó tún rí dókítà yẹn kó yanu. Ohun tí ilé ìwòsàn ń sọ kò sì yí padà: nọ́ọ̀sì bi bàbá ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ara òun le, ó tún bi í lẹ́yìn ìgbà náà, ó tún ní ara òun le. Aláìsàn kò fẹjọ́ sùn, ta ni wọn ì bá tọ́jú?

Ní kúkúrú, wọ́n ń sọ pé ẹnu bàbá ló pa bàbá.

Ohun tó ká Aránṣọ lára nìyẹn, tó fi ń bá bẹ́ńṣì jà. Kò retí pé ẹjọ́ á jí òkú. Ó kàn fẹ́ kí adájọ́ tí gbogbo ayé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jókòó, kó sì sọ ọ́ síta pé kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ bàbá òun ló pa á. Ìyẹn nìkan ni, àmọ́ àfi bí ẹni pé ó ní kí wọ́n bá òun já òṣùpá.

Ilé ìwòsàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí nítùbí-ìnùbí. Wọ́n ní àwọn á fún ẹbí ní nǹkan, bí ẹbí bá lè fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ wá jẹ́rìí, Awakọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká gbà á, ká máa lọ."

"Gba kí ni?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa."

"Kí n fọwọ́ sí i pé bàbá ló pa ara wọn?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni wọ́n sọ?"

Awakọ̀ yà fún ọ̀kadà kan. Ó ń wo ọ̀nà, ó ń fi ìka lu ọwọ́ ọkọ̀. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ẹ̀gbọ́n yìí ti rù débi pé aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ti di ẹ̀wù àyálò lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ó ń sùn, ṣùgbọ́n kò sinmi.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ."

Awakọ̀ wò ó nínú díńgí mọ́tò. "Ṣé ara yín le ṣá?"

"Ara le," ni Aránṣọ wí, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ó purọ́ nípa oúnjẹ, ó purọ́ nípa ara, kò sì kà á sí irọ́ rárá. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. Wọn kì í gbé ẹrù ara wọn lé ẹlòmíì lórí.

Lọ́yà tiwọn ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, olóòótọ́ ènìyàn, tí ikọ́ kì í fi í sílẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì, ikọ́ á ti gba iwájú rẹ̀. Ó sọ fún Aránṣọ pé gbogbo ẹjọ́ ti kù sọ́wọ́ ohun kan ṣoṣo: ṣé nọ́ọ̀sì máa gbà pé wọ́n kìlọ̀ fún òun lẹ́nu ọ̀nà? Bó bá gbà, ọ̀nà ṣí. Bó bá sẹ́, ọ̀rọ̀ Aránṣọ lásán ló kù, lọ́yà ilé ìwòsàn sì ti fi ọ̀rọ̀ Aránṣọ ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ ni. Ní ìjókòó tó ṣáájú, lọ́yà ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan tó sanra tó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni fẹ́ yáni lówó, ti bi Aránṣọ pé, "Kí ni wọ́n ń pe bàbá yín ládùúgbò?"

"Bàbá Ara-le."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Tí ẹni tó ń jẹ́ Ara-le bá wá sọ pé ara òun le, mà, kí ló yẹ kí nọ́ọ̀sì ṣe?"

"Kó wo ojú wọn."

"Ojú! Olúwa mi adájọ́, ẹ gbọ́ o. Wọn ò gbọdọ̀ gba ẹnu aláìsàn gbọ́ mọ́. Ojú ni kí wọ́n máa wò."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Adájọ́, obìnrin àgbà kan tó wọ gíláàsì, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń kọ̀wé lọ. Aránṣọ lọ sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni pé òun ló tú àṣírí bàbá rẹ̀ fún ìta gbangba.

Lónìí, nọ́ọ̀sì ló wà níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí máa ń dúró sí. Ó ti sanra díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Aránṣọ dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò wo apá ibi tí Aránṣọ wà rárá. Lọ́yà ilé ìwòsàn bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ sórí. Ó bi bàbá. Bàbá ní ara òun le. Ó tún bi bàbá. Bàbá ní ara òun le, a dúpẹ́.

Ó wá kan lọ́yà tiwọn. Ó wúkọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bàbá bá yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé?"

"Mi ò rántí."

"Obìnrin kan ò dì yín láṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà?"

"Èèyàn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ pọ̀, sà. Mi ò rántí."

"Wọn ò sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wo ojú—" Ikọ́ gbé e lọ níbẹ̀. Ó wúkọ́ títí, ó na ọwọ́ sí adájọ́ pé kí wọ́n má bínú.

Aránṣọ ń gbọ́ ikọ́ náà bí ìgbà tó ń ti yàrá kejì wá. Láti àárọ̀ ni ilé ẹjọ́ ti ń móoru. Fèrèsé wà ní títì nítorí ariwo títì. Kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àná. "Mi ò rántí" yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe rò lọ. Ó ronú pé, ó ti parí nìyẹn, gbogbo ìrìn yìí, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ọ̀gá. Ó fẹ́ dìde kó lọ síta gba atẹ́gùn. Ìṣó di aṣọ rẹ̀ mú. Ó fà á, ilẹ̀ sì yí bìrí mọ́ ọn lójú, ó ṣubú.

Awakọ̀ pariwo. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì ti bọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Ó fò kọjá lọ́yà méjèèjì, ó sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà," ni lọ́yà ilé ìwòsàn wí. "Ẹ̀rí yín ò tíì parí."

"Ẹ dákẹ́, sà," ni nọ́ọ̀sì fún un lésì, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé kò sí nǹkan?"

Aránṣọ la ojú díẹ̀. Ojú tì í pé òun dùbúlẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ayé. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Kò sí nǹkan," ló wí. "Ara le, a dúpẹ́."

"Ara ò le o," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbọ́ bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ wò. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ bá mi wá omi tó ní ṣúgà nínú, kíá!" Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ sáré lọ wá omi. Lọ́yà ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí fèrèsé, nítorí òun ló sún mọ́ ọn jù, kò sì sí bó ṣe fẹ́ kọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé Aránṣọ jókòó. Ó mu omi náà. Ẹ̀jẹ̀ padà sí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò tíì dìde. Ó ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni adájọ́ wí, "mo gbọ́ tí obìnrin yìí sọ fún yín pé ara òun le."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò gbà á gbọ́?"

"Mo wo ojú wọn," ni nọ́ọ̀sì wí.

Mọ́tò kan kọjá lóde. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, ó sì gbé ojú sókè wo Aránṣọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Wọ́n sọ fún mi," ló wí. "Lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di apá aṣọ mi mú, wọ́n ní kí n má gba ẹnu bàbá, kí n wo ojú wọn. Mo rántí. Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí."

Lọ́yà ilé ìwòsàn fò dìde. Adájọ́ nawọ́ sí i pé kó jókòó, ó sì jókòó.

"Èmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn," ni nọ́ọ̀sì ń sọ lọ. Kò bá adájọ́ sọ̀rọ̀ mọ́, Aránṣọ ló ń bá sọ ọ́. "Èmi nìkan, mà, gbogbo ibùsùn ló kún. Tí aláìsàn bá sọ fún mi pé ara òun le, inú mi máa ń dùn ni, torí mo lè sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn tó ń ké ni mo máa ń wò. Bàbá ò ké."

Aránṣọ ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ọjọ́ yìí bá dé, òun á bínú, òun á nàka sí nọ́ọ̀sì, òun á sọ gbogbo ohun tó wà nínú òun. Kò rí ìbínú náà mọ́. Ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rí i pé ó ti rẹ òun náà, bóyá ju bó ṣe rẹ Aránṣọ lọ. Ó fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú.

"Wọn kì í ké," ló wí. "Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn."

Ẹjọ́ náà ò tún pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Adájọ́ dá ilé ìwòsàn lẹ́bi, ó ní ẹni tó fi nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín gbogbo aláìsàn wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí Aránṣọ kò retí mọ́, ó sì sọ ọ́ ketekete, pé olóògbé kò jẹ̀bi ikú ara rẹ̀, pé ọmọlúàbí tó dáhùn ìkíni kò tipa ìyẹn yọ̀ǹda ẹ̀mí rẹ̀. Lọ́yà tẹ́ẹ́rẹ́ náà fò sókè, ó fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ikọ́ kò jẹ́.

Aránṣọ rò pé òun á yọ̀. Àárẹ̀ ló wá dípò ayọ̀, irú èyí tó máa ń bá ènìyàn nígbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ tí èjìká sì wá ń rántí ìwọ̀n rẹ̀. Ó dìde, ó yẹra fún ìṣó náà, ó sì jáde láìwẹ̀yìn.

Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn takisí fún un bí ẹni gbé ọba. Òun náà jókòó, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣáná sí mọ́tò. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú díńgí bó ti máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara le?"

Aránṣọ yanu. Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ kó tó ronú, ìdáhùn bàbá rẹ̀, tó ti gbó mọ́ wọn lẹ́nu nínú ẹbí. Ó pa ẹnu náà dé. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ nínú díńgí, ó rí i pé ojú òsì rẹ̀ ti kéré, òógùn sì ti rin ín lókè ètè, gẹ́gẹ́ bíi ti bàbá wọn.

"Kò le," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí. Àárò bàbá ń sọ mí."

Awakọ̀ nawọ́, ó pa mọ́tò.

"Èmi náà," ló wí.

Mọ́tò tó wà lẹ́yìn wọn ń fun fèrè pé kí wọ́n kúrò lọ́nà. Wọn ò kúrò. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sì sunkún sókè, kò sì sí ẹni tó sọ pé igi ló ké.